Orúkọ Ara Páálí Nìkan Kò Tó: Ohun Tó Fara Sin Sínú Hóró Oògùn Tí Ará Alímọ̀ṣọ́ Ń Gbé Mì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá oògùn tí wọ́n ń tà lójoojúmọ́ ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò mu gan-an ni. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń darí bọ̀ láti Ìkẹjà, Oshòdì àti Erékùṣù Èkó, ojú títì a kún fún èrò. Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná yóò yà sí kẹ́míìsì tó wà létí ọ̀nà, yóò béèrè oògùn ibà àti parasitamọ́ọ̀lù. Bó bá jẹ́ ẹni tó lajú, yóò yẹ páálí wò bóyá ó ní nọ́ńbà NAFDAC, yóò wo ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́. Bó bá jẹ́ èyí tó ní kóòdù tí wọ́n ń họ, yóò họ ọ́, yóò fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí èsì bá wá pé ojúlówó ni, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, ó di ilé.

Gbogbo ohun tí obìnrin yìí yẹ̀ wò pátá, ara páálí ló wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé inú hóró oògùn fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé oògùn méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí èròjà wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba, síbẹ̀ kí ọ̀kan wo aláìsàn sàn, kí èkejì kàn gba inú rẹ̀ kọjá lásán. Ohun tó fa ìyàtọ̀ ọ̀hún kò ṣeé fojú lásán rí. Ó wà nínú bí àwọn hóró tíntìntín tó para pọ̀ di oògùn náà ṣe tò. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ka ìtò yìí lára ẹyọ hóró kan tó kéré ju eruku lọ, tí kò sì ní gbà wọ́n tó wákàtí kan. Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ ni pé, ṣé àǹfààní ìmọ̀ yìí yóò dé ọ̀dọ̀ ará Alímọ̀ṣọ́, àbí òkèèrè ni yóò jókòó sí?

Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀

Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tó lérò jù lọ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2006, àjọ ìkànìyàn ní èèyàn 1,277,714 ló wà níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gba iye yìí, wọ́n ní tàwọn ju mílíọ̀nù 2 lọ. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́ òótọ́, láti ìgbà náà wá ni ilé ti ń pọ̀ sí i, tí àdúgbò tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀ ti di ìgboro. Ìgàndò ni ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba wà, ìyẹn Alimosho General Hospital. Ẹni tó bá ti débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kẹ́míìsì ni dókítà àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ilé. Bí kẹ́míìsì bá já wọn kulẹ̀ ni wọ́n tó ń rántí ilé ìwòsàn, nígbà mìíràn ọwọ́ á ti bọ́ sórí.

Ọ̀rọ̀ oògùn tí kò dára kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Lọ́dún 1990, oògùn parasitamọ́ọ̀lù olómi tí májèlé wà nínú rẹ̀ pa àwọn ọmọ tó ju 100 lọ ní Ìbàdàn àti Jos. Lọ́dún 2001, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, tó ń jáde nílùú Ọba, gbé àbájáde ìwádìí kan síta. Oògùn 581 ni wọ́n rà ní kẹ́míìsì 35 ní Èkó àti Àbújá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, 279 ni kò kójú òṣùwọ̀n, ìyẹn nǹkan bí ìdajì. Àwọn kan kò tilẹ̀ ní èròjà tó ń woni sàn nínú rárá. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, èròjà wà níbẹ̀, kò kàn tó iye tó yẹ tàbí kó jù ú lọ díẹ̀ ni. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìbìkítà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n ló fa èyí tó pọ̀ jù, àti pé ooru òun ọ̀rinrin ilẹ̀ wa lè ti ba àwọn mìíràn jẹ́.

Lọ́dún 2008, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin tún gbẹ̀mí ọmọ 84. Lọ́dún 2017, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé nínú oògùn 10 tí wọ́n ń lò láwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, ó kéré tán, ọ̀kan kò dára tàbí kó jẹ́ ayédèrú. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, ṣọ́ọ̀bù tó ju 11,000 lọ ni wọ́n tì kí wọ́n tó padà ṣí wọn lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà ní Ìdúmọ̀tà sì ni ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì Èkó ti ń ra ọjà wọn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ohun tó tún dá kún un ni ọ̀wọ́n gógó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ GSK kéde lọ́dún 2023 pé àwọn yóò káwọ́ kúrò nínú òwò àwọn ní Nàìjíríà, owó àwọn oògùn kan tí àwọn èèyàn ti mọ̀ fò sókè. Ẹni tí kò lágbára láti ra èyí tó mọ̀ yóò wá èyí tó rọjú. Èyí tó rọjú lè dára, ó sì lè má dára. Kò sí bí oníbàárà ṣe fẹ́ mọ̀.

Kí ló wà nínú hóró oògùn?

Bí èèyàn bá bu iyọ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tó sì wò ó dáadáa nínú oòrùn, yóò rí i pé hóró kọ̀ọ̀kan ní igun, ó sì ń dán. Bẹ́ẹ̀ náà ni álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa máa ń fi sínú omi kànga kí ó lè tòrò. Ohun tó bá rí báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kírísítà. Ìdí tó fi ní igun ni pé àwọn ohun tíntìntín tó dá a, tí wọ́n ń pè ní átọ́ọ̀mù, kò kàn kóra jọ bákan ṣáá. Ṣe ni wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ, bí búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà to sára ògiri, ìlà kan lé ìlà kan, láìsí ìyàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀pọ̀ oògùn oníhóró tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, irú kírísítà bẹ́ẹ̀ ló wà nínú wọn, àmọ́ wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n ti pò ó mọ́ ìyẹ̀fun mìíràn, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ibi tí àdììtú wà ni pé èròjà kan ṣoṣo lè tò ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Àpẹẹrẹ tó yéni jù lọ ni ti pẹ́ńsùlù àti dáyámọ́ǹdì. Ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsùlù ọmọ iléèwé àti dáyámọ́ǹdì tí àwọn olówó fi ń ṣe òrùka, èròjà kan náà ni, kábọ́ọ̀nù ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan rọ̀ débi pé ó ń ràn mọ́ ìwé, èkejì le débi pé ó ń gé gíláàsì. Ìtò wọn nìkan ló yàtọ̀.

Bó ṣe rí fún oògùn náà nìyẹn. Bí átọ́ọ̀mù rẹ̀ bá tò lọ́nà kan, yóò yọ́ nínú ikùn, ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e lọ síbi tí àìsàn wà. Bí wọ́n bá tò lọ́nà mìíràn tó fún pinpin, kò ní tètè yọ́, ara yóò sì tì í jáde láìlò ó.

Ẹni tó bá rò pé àlọ́ ni, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ritonavir, oògùn kan tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV. Ọdún 1996 ni ilé iṣẹ́ Abbott ti Amẹ́ríkà gbé e jáde. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí di ọdún 1998, nígbà tí wọ́n ṣàdédé rí i pé oríṣi kírísítà tuntun kan ti yọjú nílé iṣẹ́ wọn. Èròjà kan náà ni, àmọ́ ó ti tò lọ́nà mìíràn, kò sì yọ́ bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Wọ́n ṣe é títí, wọn kò rí èyí ti tẹ́lẹ̀ ṣe mọ́. Tipátipá ni wọ́n fi kó oníkápúsù rẹ̀ kúrò lọ́jà, tí wọ́n sì tún un ṣe lọ́nà mìíràn. Ẹ wo ilé iṣẹ́ tó lówó, tó ní ẹ̀rọ, tó ní ọ̀mọ̀wé. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí wọn, kí ni ká sọ nípa ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ra ìyẹ̀fun oògùn láti ilẹ̀ òkèèrè?

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti mebendazole, oògùn aràn tí ọ̀pọ̀ ìyá ń fún ọmọ wọn. Ọ̀nà mẹ́ta ni èròjà rẹ̀ lè gbà tò, wọ́n ń pè wọ́n ní A, B àti C. C ni àwọn onímọ̀ fẹ́ nínú oògùn. Ìwádìí ti fi hàn pé A kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan fún aràn inú. Ọmọ tó bá lo èyí tí A pọ̀ nínú rẹ̀ ti lo oògùn, aràn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ yóò máa sọ pé aràn yìí gbóyà, kò mọ̀ pé oògùn ni kò tò bó ṣe yẹ.

Ọ̀rinrin náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ oògùn. Lọ́dún 1990, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa carbamazepine, oògùn tí àwọn tó ní wárápá ń lò, pé bí ọ̀rinrin bá wọ ọ́ lára jù, ó lè pàdánù tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀. Omi ló ń wọ inú ìtò kírísítà rẹ̀, tí yóò sì sọ ọ́ di oríṣi mìíràn tó le. Oògùn ojúlówó ni o, kì í ṣe ayédèrú. Inú ṣọ́ọ̀bù tàbí inú ilé ló ti bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ bí òjò ṣe máa ń rọ̀ ní Èkó, àti bí páànù kíóskì ṣe máa ń gbóná lọ́sàn-án, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan Alímọ̀ṣọ́ ju Amẹ́ríkà lọ.

Láti orí ẹ̀síréè dé orí ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ bí ohun tí ojú kò rí ṣe tò? Bí èèyàn bá ṣí agbòjò lálẹ́, tó gba ara aṣọ rẹ̀ wo iná títì tó wà lókèèrè, kò ní rí iná kan ṣoṣo mọ́. Yóò rí àwọn àmì iná wẹ́wẹ́ tó tò yí i ká. Fọ́nrán òwú tó wà lára aṣọ agbòjò, tó tò ní ẹsẹẹsẹ, ló fọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ká báyẹn. Bí aṣọ bá yàtọ̀, ìtò àmì iná náà yóò yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ ìṣirò rẹ̀ lè wo àmì iná yẹn, kó sì sọ bí wọ́n ṣe hun aṣọ náà láìfọwọ́ kàn án.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe fún kírísítà nìyẹn. Ẹ̀síréè ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Lọ́dún 1912 ni Max von Laue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi hàn pé kírísítà ń fọ́n ẹ̀síréè ká. Láìpẹ́ sígbà náà ni William Bragg àti ọmọ rẹ̀ Lawrence, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n yìí ka ìtò átọ́ọ̀mù. Bàbá àti ọmọ jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1915. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn ará Ṣáínà fi mọ ìtò artemisinin lọ́dún 1975, èyí tó jẹ́ ìyá oògùn ibà tí wọ́n ń lò káàkiri lónìí.

Àmọ́ ẹ̀síréè ní ìṣòro tirẹ̀. Ó fẹ́ kírísítà tó tóbi díẹ̀, tó mọ́, tó dá dúró. Àwọn èròjà kan wà tó jẹ́ pé wọn kì í dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ lè dúró tì wọ́n fún oṣù púpọ̀, lẹ́búlẹ́bú ni wọn yóò máa dà. Lóòótọ́, wọ́n lè tan ẹ̀síréè sí lẹ́búlẹ́bú náà lápapọ̀, ó sì máa ń wúlò. Ṣùgbọ́n bí oríṣi méjì mẹ́ta bá wà nínú rẹ̀, ó máa ń dà bí ìgbà tí èèyàn dúró láàárín ọjà Ìkòtún lọ́sàn-án gangan, tó fẹ́ mọ ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ń sọ. Ariwo ti dàpọ̀.

Ibí ni ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù ti wúlò. Ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù kéré gan-an ju átọ́ọ̀mù lọ, òun náà ló ń sáré nínú wáyà tí à ń pè ní iná mànàmáná. Lọ́dún 1927, Davisson àti Germer ní Amẹ́ríkà, àti George Paget Thomson ní Aberdeen, fi hàn pé kírísítà ń fọ́n ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù ká bíi ti ẹ̀síréè. Lọ́dún 1931, Ernst Ruska àti Max Knoll ṣe maikirosíkóòpù ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ní Berlin, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ju èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ lásán lọ. Ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù máa ń kọlu átọ́ọ̀mù gan-an ju bí ẹ̀síréè ṣe ń ṣe lọ. Nítorí náà, hóró tí kò nípọn tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà ti tó o. Irun orí kan ṣoṣo nípọn tó irú hóró bẹ́ẹ̀ 50 sí 100.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò díjú nínú àlàyé. Wọ́n yóò wọ́n lẹ́búlẹ́bú náà sórí àwọ̀n tín-ínrín kan, wọn yóò kì í bọnú ẹ̀rọ, wọn yóò fa afẹ́fẹ́ kúrò níbẹ̀. Maikirosíkóòpù yóò fi àwọn hóró náà hàn, wọn yóò sì yan ẹyọ kan, bí ìgbà tí èèyàn pe ẹnì kan sẹ́yìn ọjà kó lè sọ tẹnu rẹ̀. Wọn yóò ta ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù lù ú, wọn yóò máa yí i díẹ̀díẹ̀, wọn yóò sì máa ya fọ́tò àmì tó ń jáde lójú kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ni yóò wá fi ìṣirò kó gbogbo fọ́tò náà pọ̀, tí yóò sì sọ ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà.

Ó pẹ́ kí ọgbọ́n yìí tó gún régé. Lọ́dún 2007, Ute Kolb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mainz, ní Jámánì, gbé ọ̀nà jáde tí ẹ̀rọ fi lè máa yí hóró náà fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní Stockholm náà ń ṣe irú rẹ̀. Lọ́dún 2013, Tamir Gonen àti àwọn tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe é fún àwọn èròjà inú ẹ̀yà ara. Ọdún 2018 ló wá di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Àwọn onímọ̀ ní Switzerland tú oògùn òtútù kan tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì, wọ́n bu lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀, wọ́n sì ka ìtò parasitamọ́ọ̀lù lára hóró kan ṣoṣo. Ní ọdún kan náà, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ti oríṣiríṣi oògùn, òmíràn kò gbà wọ́n tó ìdajì wákàtí. Wọ́n tún po èròjà mẹ́rin pọ̀, wọ́n sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ní báyìí, àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń ṣe ẹ̀rọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí nìkan ló wà fún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan lèyí, kó rántí Zamfara lọ́dún 2010. Ọmọ tó ju 400 lọ ló kú láwọn abúlé tí wọ́n ti ń wa góòlù, nítorí òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nínú ẹ̀rọ ìlọgi láàárín ilé. Àwọn onímọ̀ tó gbé eruku ibẹ̀ lọ sábẹ́ maikirosíkóòpù ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù àti ẹ̀síréè, tí wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde lọ́dún 2013, rí ohun kan tó ṣe pàtàkì. Òjé inú òkúta máa ń wà ní oríṣi kan tí kì í tètè yọ́ nínú ikùn. Àmọ́ ní àwọn abúlé yìí, oòrùn, òjò àti ọdún pípẹ́ ti sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di oríṣi mìíràn tó ń yọ́ kíákíá nínú ikùn ọmọdé. Òjé kan náà, orúkọ kan náà, àmọ́ oríṣi tó yí padà sí ló sọ ọ́ di májèlé tó yára.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti oògùn. Ẹni tó bá béèrè pé kí ni nǹkan yìí, ìdajì ìbéèrè ló bi. Ìdajì tó kù ni pé, báwo ló ṣe tò?

Ṣé ti Nàìjíríà ti kọjá nọ́ńbà?

Kò ní dára láti sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Láti ọdún 1993 tí wọ́n ti dá NAFDAC sílẹ̀, pàápàá láti 2001 tí olóògbé Dora Akunyili di olórí rẹ̀, ayédèrú oògùn kò rọrùn fún àwọn tó ń tà á bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kóòdù tí wọ́n ń họ. Lọ́dún kan náà ni wọ́n kó ẹ̀rọ àfọwọ́gbé tó ń jẹ́ TruScan dé, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ yẹ oògùn wò lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún 2022, WHO gbé NAFDAC sí ipò kẹta nínú mẹ́rin tí wọ́n fi ń díwọ̀n irú àjọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní yàrá àyẹ̀wò ní Yábàá àti Oshòdì, níbi tí wọ́n ti lè mọ iye èròjà tó wà nínú oògùn, kí wọ́n sì wo bó ṣe ń yọ́ nínú omi.

Àyẹ̀wò bó ṣe ń yọ́ yìí ṣe pàtàkì, nítorí òun ló lè kọ́kọ́ ta àwọn olùṣàyẹ̀wò lólobó pé nǹkan ń ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó fà á. Ṣé ọ̀rinrin ni? Ṣé ìyẹ̀fun tí ilé iṣẹ́ rà ni kò tò dáadáa? Ṣé ẹni tó tà á fún wọn ló fi èyí tó rọjú rọ́pò èyí tó dára? Láìmọ ìdí, wọn yóò kó ọjà náà dà nù lónìí, irú rẹ̀ yóò tún dé lọ́la. Ẹ̀rọ tó ń ka ìtò hóró kọ̀ọ̀kan ló lè tọpa ẹ̀ṣẹ̀ náà dé orísun.

Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ pọ̀. Maikirosíkóòpù tó lè ṣiṣẹ́ yìí lè gbà tó mílíọ̀nù kan dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ iná mànàmáná tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú, ó fẹ́ ilé tí kò mì, ó fẹ́ òtútù tó mú ju ti yìnyín lọ fíìfíì, kí ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù má baà tètè ba hóró náà jẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó fẹ́ èèyàn tó mọ̀ ọ́n lò, tí wọn kò sì ní jẹ́ kó já lọ sí òkè òkun nítorí owó oṣù. Ẹ̀rọ yìí kò sì lè ṣe gbogbo nǹkan. Hóró kan kì í ṣe gbogbo àpò, ó di dandan kí wọ́n yẹ púpọ̀ wò. Oògùn olómi kò ní kírísítà tó lè kà, ìyẹn ni pé kì bá tí rí ti My Pikin mú.

Àwọn kan yóò wá béèrè pé, nígbà tí kò sí owó tó láti rán ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò dé gbogbo kẹ́míìsì Ẹgbẹ́dá, kí la fẹ́ fi ẹ̀rọ olówó gọbọi ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ebi ń pa kì í ra aago ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè kò pọ̀ jù fún ilẹ̀ tó ju 200 mílíọ̀nù èèyàn lọ. Ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni ilẹ̀ ńlá tí èèyàn ń gbé tí kò tíì ní ẹ̀rọ gbàràmù-gbaramu tí wọ́n ń pè ní synchrotron, èyí tó ń mú ẹ̀síréè alágbára jáde fún irú iṣẹ́ yìí. Ìyẹn gba owó tó tó kọ́ ìlú kékeré. Ti ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù kò gba ju yàrá kan lọ. Bí NAFDAC àti àwọn yunifásítì bá pa owó pọ̀, tí wọ́n gbé e sí ibi kan tí gbogbo wọn lè máa lò, iṣẹ́ oògùn, iṣẹ́ ìwakùsà àti ti eruku tó ń pa ọmọ yóò jọ jàǹfààní rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ láìsí ọ̀nà tí oògùn Ìkòtún yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹṣin láìsí ìjánu ni. Ibi tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìwòsàn. Bí nọ́ọ̀sì ní Ìgàndò bá rí i pé aláìsàn mẹ́ta ti lo oògùn kan náà tí kò ran wọ́n, ó yẹ kí ọ̀nà tó já gaara wà tí hóró oògùn ọ̀hún yóò gbà dé Yábàá, kí èsì rẹ̀ sì padà dé Ìgàndò. Láìsí èyí, ẹ̀rọ náà yóò kàn jókòó tí wọn yóò máa fi han àlejò ni.

Kí ìyẹn tó dé, ohun tó wà lọ́wọ́ oníkálukú kò kéré. Kí èèyàn má ṣe ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri lábẹ́ oòrùn tàbí nínú bọ́ọ̀sì. Kí oògùn má ṣe gbé ilé ìwẹ̀ tàbí etí fèrèsé, ibi gbígbẹ tó tutù ló yẹ ẹ́. Kí wọ́n má ṣe tú u kúrò nínú páálí tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú ọ̀rá. Bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n má ṣe sọ páálí nù, kí wọ́n mú un lọ́wọ́ lọ bá dókítà tàbí NAFDAC, nítorí ẹ̀rí ni.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá tó ń họ kóòdù lábẹ́ iná kẹ́míìsì ní Ìkòtún ti ṣe tirẹ̀. Ó ti wo ibi tí ojú tirẹ̀ lè dé. Inú hóró ló kù, ojú tó sì lè débẹ̀ ti wà láyé. Ọwọ́ àwọn tó ń pín owó ìlú ló wà báyìí láti gbé e wá sílé.